Ìbà àti Ibà: Omi Ojúbọ, Ẹ̀fọn àti Ààbò Agbo Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ òjò)

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà àwọn irúnmọlẹ̀. Mo júbà ilẹ̀ tí a tẹ̀, mo júbà àwọn ìyá wa, mo júbà ojùgbọ̀nà mi àti gbogbo àgbà awo tó jókòó níhìn-ín. Kí ìbà wa ṣẹ.

Ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè kò ní ṣàì rí i pé ohùn kan ṣoṣo ló yàtọ̀ láàrin ìbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jú yìí àti ibà tó ń ba ara ènìyàn jà. Fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ gba ohùn ìsàlẹ̀, ti èkejì gba ohùn àárín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá kọ méjèèjì sójú pátákó. Èkejì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè dáàbò bo agbo ilé wa nígbà òjò, mo sì yan ibà kan tí orúkọ rẹ̀ kò tíì ráyè wọ èdè wa: ibà dengue.

Ọ̀rọ̀ náà, ibà, dà bí agboolé ńlá tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé. Ibà pọ́njú wà níbẹ̀, ibà jẹ̀funjẹ̀fun wà níbẹ̀, ibà Lassa náà ti wá gba yàrá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá sọ pé ibà ń ṣe ọmọ òun láìfi nǹkan mìíràn kún un, málaríà ló ń rò, oògùn málaríà ni yóò sì wá lọ, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ onísègùn ìbílẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ohun tí kò bá ní orúkọ, orúkọ aládùúgbò rẹ̀ la ó fi máa pè é, ìtọ́jú aládùúgbò rẹ̀ náà la ó sì máa fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ pe dengue ní ibà tó ń fọ́ eegun, nítorí pé oríkèé ara àti ẹ̀yìn máa ń ro ẹni tó bá mú bí ẹni pé wọ́n fi odó gún un. Ojú a máa ro ó láti ẹ̀yìn ẹyinjú, ara rẹ̀ lè sú pẹ̀lú. Ní ti orúkọ dengue fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ èdè kan tọpa rẹ̀ dé inú èdè Swahili, níbi tí gbólóhùn kan ti wà fún ìsúnkì iṣan tí ẹ̀mí burúkú ń fà. Wọ́n ní ó gba erékùṣù Caribbean kọjá, ó pàdé ọ̀rọ̀ Spanish kan níbẹ̀ tó jọ ọ́, èyí tó túmọ̀ sí ìṣe ẹni tó ń ṣe fáàrí, nítorí pé ẹni tí ibà náà bá mú a máa rìn gan-an-gan bí ẹni tó ń yan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló lọ sí òkèèrè tó fi aṣọ òyìnbó bora. Èmi máa ń pè é ní ibà afọ́eegun nínú kíláàsì mi. Bí àwọn àgbà bá ní orúkọ tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn àjèjì ni mo wá ń sọ. Láàrin ọdún 1964 sí 1968, àwọn onímọ̀ ní yàrá ìwádìí Yunifásítì Ìbàdàn rí kòkòrò àrùn dengue nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ibà ní Ìbàdàn níbí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti wà láàrin wa, tí a sì ń fi orúkọ málaríà pè é. Lópin ọdún 2023 wọ́n tún rí i ní ìpínlẹ̀ Ṣókótó, lọ́dún kan náà tó jà gidigidi ní Burkina Faso.

Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aedes aegypti, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni òun náà. Ara rẹ̀ dúdú, ilà funfun sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà nípa bó ṣe dé Amẹ́ríkà jẹ́ ohun tí mi ò lè kà láìdákẹ́ díẹ̀: inú àwọn àgbá omi nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú ló wà. Ọkọ̀ kan náà ló gbé òrìṣà wa, ló gbé èdè wa, ló sì gbé ẹ̀fọn yìí. Nígbà tí dókítà Carlos Finlay sọ ní Havana lọ́dún 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri, ẹ̀fọn yìí gan-an ló ń tọ́ka sí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì gbà á gbọ́. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹbí wa tó wà lókèèrè ju bó ṣe kan ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn lọ. Ní Kúbà, lọ́dún 1981, ó lé ní 344,000 ènìyàn tí dengue mú. 158 ló kú, 101 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Bràsíìlì ti lé ẹ̀fọn náà tán pátápátá nígbà kan rí, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 1958, ṣùgbọ́n wọ́n dẹwọ́, ó sì padà wá. Lọ́dún 2024 nìkan, àwọn tí wọ́n kà pé dengue ṣe ní Bràsíìlì ju mílíọ̀nù 6 lọ, àwọn tó sì bá a lọ ju 5,000.

Ibi tí ẹ̀fọn yìí ń gbé ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó àyíká, a máa ń kó ilẹ̀ gọ́tà, a ó gbá ìta, a ó wá wọlé, ọkàn wa yóò balẹ̀. Gọ́tà ní ẹ̀fọn tirẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń sọ yìí, omi tó mọ́ ló fẹ́ràn, omi tí a fi ọwọ́ ara wa pọn: àmù, dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, táyà tó wà lẹ́yìnkùlé, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó, àwo omi adìẹ. Ó tún fẹ́ràn ojúbọ wa. Kì í fò jìnnà rárá. Èyí tó bá jẹ ọmọ rẹ ní àgbàlá rẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àgbàlá rẹ náà ni wọ́n ti bí i, tàbí ti ẹni tí ẹ jọ pín ògiri. Ọ̀sán ló sì ń jẹni, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí a ń ta lóru ṣe pàtàkì fún málaríà, ẹ má ṣe ká a kúrò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń sùn lọ́sàn-án nílò tirẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn baba wa ní orúkọ fún kòkòrò kékeré tó ń jó nínú omi àmù: tanwíjí. Ọmọdé ìgbà tiwa mọ̀ ọ́n dáadáa, a máa ń fi ìka lé e kiri nínú omi kí màmá tó pariwo mọ́ wa. Tanwíjí ni ẹ̀fọn kó tó hu ìyẹ́. Láti orí ẹyin títí di ìgbà tí yóò fò, nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé iye ọjọ́ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà tiwa. Ọ̀sẹ̀ òrìṣà, ọjọ́ mẹ́rin ni, ní orí ọjọ́ karùn-ún ni òrìṣà ń padà bọ̀ sípò. Ní ojúbọ Ọbàtálá, ta ló ń bọ ọ́ pẹ̀lú omi àná? Omi tútù tí a pọn ní kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó dà á rú ni. Àwọn ará Bahia ṣì ń ṣe é di òní olónìí nínú ọdún tí wọ́n ń pè ní omi Òṣàlá, wọ́n á tò lọ pọn omi nílẹ̀ tí kò tíì mọ́, láìsọ̀rọ̀. Ilé òrìṣà tó bá ń da omi ọ̀sẹ̀ tó kọjá nù, tó ń fọ ìkòkò, tó ń pọn tuntun ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kò sí tanwíjí tí yóò ráyè hu ìyẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin kò tó o.

Mi ò sọ pé àwọn baba wa mọ kòkòrò àrùn dengue o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa parọ́ mọ́ wọn láti fi yangàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí irú rẹ̀ tó pọ̀ jù, ó sì ń dójú tì wá lójú àwọn tó mọ̀wé. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n fi ìlànà kan lélẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwa la fi í sílẹ̀. Ilé mélòó lára wa ló ń bọ òrìṣà ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀? Ọ̀pọ̀ di ẹlẹ́ẹ̀kan lọ́dún. A ó ṣe ọdún, a ó ya fọ́tò, a ó gbé e sórí Facebook, ìkòkò yóò sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú omi òjò nínú títí di àmọ́dún.

Dída omi nù nìkan kò tó sì ni. Ẹ̀fọn yìí kì í yé ẹyin sójú omi. Ara ìkòkò, lókè omi díẹ̀, ló ń lẹ̀ wọ́n mọ́. Omi lè gbẹ tán, kí ìkòkò wà lórí àjà fún oṣù mélòó kan, kí ẹyin náà má kú, títí omi mìíràn yóò fi kàn án. Nítorí náà kànrìnkànrìn ni, àti ọwọ́ tó le. Ẹ fọ inú rẹ̀ yí po láti ìdí dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ọmọrí. Àmù tí wọ́n mọ nígbà àtijọ́ kì í wà láìní ọmọrí. Àwa tí a wá ń fi ike ra omi ni a sọ ọmọrí nù. Bí kò bá sí ọmọrí tó bá ẹnu rẹ̀ mu, aṣọ funfun tí a so yí ọrùn rẹ̀ ká dáadáa tó.

Ọmọ Ifá mi kan ń gbé ní Salvador, ní Bahia. Òun ló ń tọ́jú ilé òrìṣà tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Lọ́dún 2024 ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bẹ̀rẹ̀ ibà. Ó pè mí lórí fóònù, mo dá Ifá fún un. Ohun tí Ifá sọ wà láàrin èmi àti ìyá ọmọ, ìpàdé kọ́ ni ibi tí a ti ń tú u. Wọ́n rú ẹbọ, wọ́n sì gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé méjèèjì kò bá ara wọn jà. Lọ́jọ́ kẹrin ara ọmọ náà tutù. Inú gbogbo ilé dùn, àwọn àgbà ti fẹ́ se oúnjẹ ọpẹ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò jókòó. Ó rí i pé ọwọ́ ọmọ náà tutù jù, inú ń run ún, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń yí ilé kiri ti kọ́ ọ ní ohun kan: nínú dengue, ìgbà tí ibà bá lọ ni kí ojú wà lára ọmọ. Ó gbé e padà lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí i lára. Ọmọ náà wà láàyè, ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Láàrin ọjọ́ kẹta sí ìkeje, nígbà tí ara bá tutù, wákàtí mẹ́rìnlélógún sí méjìdínláàádọ́ta tó tẹ̀ lé e ló léwu jù. Inú rírun tó le, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ láti èrìgì tàbí imú, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì tàbí ìgbẹ́, mímí gúlegúle, ọmọ tó dákẹ́ jù tàbí tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, awọ ara tó tutù tó sì funfun: ẹ má dúró de ọ̀la. Ohun tí mo máa ń gbọ́ nílé wa níbí ní irú àkókò yẹn ni pé ibà ti lọ, aráyé ló tún gbọ́wọ́ lé e. Mo ti rí agboolé kan tó pín sí méjì nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin àgbà kan ni wọ́n nawọ́ sí, wọn kò sì bá a jẹun mọ́ títí di òní. Awo ni mí. Mo mọ ohun tí aráyé lè ṣe, n kò wá síhìn-ín láti sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n babaláwo tí kò bá mọ bí àìsàn yìí ṣe ń rìn lè fi ẹnu ara rẹ̀ dá ilé rú, kó sì jẹ́ kí ọmọ kú sí wọn lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ní ibà, ẹ jẹ́ kó ṣe àyẹ̀wò málaríà. Bí wọn kò bá rí málaríà, ẹ má padà sílé lọ mu oògùn rẹ̀. Ẹ béèrè pé kí ni ó kù. Bí wọ́n bá sì rí i, tí ó lo oògùn tán tí ara kò yá, ẹ padà lọ, torí pé méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà. Fún ara gbígbóná àti ìrora, paracetamol ni, ní ìwọ̀n tí wọ́n bá sọ. Aspirin àti ibuprofen kò dára, wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ìyẹ̀fun Alábùkún tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, aspirin wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa mu omi, omi àgbọn, ẹ̀kọ mímu, omi iyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ̀yin oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní àgbo tí a fi ọtí rẹ lásìkò yìí. Ara tí omi ti ń gbẹ nínú rẹ̀ kò nílò ọtí. Ní ti ewé ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń pariwo lórí WhatsApp, ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó kí a fi rọ́pò ilé ìwòsàn. Èéfín ewé efinrin lè lé ẹ̀fọn fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò kan tanwíjí tó wà nínú àmù.

Kí aláìsàn sì sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ilé ni kì í rò ó. Ẹ̀fọn tó bá jẹ ẹ́ lásìkò ibà, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lè gbé e fún àbúrò rẹ̀, fún ìyá rẹ̀, fún ẹni tó wá kí i. Oríṣi mẹ́rin ni kòkòrò àrùn náà. Ẹni tí ọ̀kan bá ti ṣe rí, tí òmíràn bá tún wá bá a, tèkejì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà kí a má sọ pé ó ti ṣe mí rí, kò lè rí mi gbé ṣe mọ́.

Mo padà sí Salvador. Nígbà tí ọmọ náà gbádùn tán, wọ́n yẹ àgbàlá wò. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi tí wọ́n ń bọ bí Ìrókò, wọ́n rí àwọn ìkòkò kékeré tí wọ́n ń pè ní quartinha, tí wọ́n kó síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Ọmọrí wọn ti fọ́, tanwíjí kún inú wọn. Ìjà wá dé. Àwọn àgbà ní omi òrìṣà kì í ṣe ohun tí a ń dà nù bí omi àwo. Ó fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà nínú iyàrá yìí tí wọ́n ní irú èrò bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi kí n tó dìde.

Èsì mi nìyí. Dídà nù àti sísọ nù kì í ṣe ọ̀kan. Omi tí a jẹ́wọ́ fún òrìṣà pé a fẹ́ pààrọ̀, tí a fi obì béèrè, tí a dà sí ìdí igi tàbí sílẹ̀ gbígbẹ níwájú ojúbọ, a kò sọ ọ́ nù. Ilẹ̀ ló gbà á. Ọ̀ṣun tí a ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní bínú pé a kò jẹ́ kí ìkòkò rẹ̀ di ilé ohun tó ń pa ọmọ. Ohun tó yẹ kó bí i nínú ni omi oṣù mẹ́ta. Àwọn kan tún sọ fún mi pé bí a bá jáde sọ̀rọ̀ báyìí, àwọn ọ̀tá ẹ̀sìn wa yóò ní àwa fúnra wa ti jẹ́wọ́ pé ìdọ̀tí ni ojúbọ wa. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Dúrọ́ọ̀mù ilé wọn àti táyà ọgbà wọn kò yàtọ̀ sí tiwa, ẹ̀fọn kì í béèrè ẹ̀sìn. Mi ò ní torí ẹnu wọn fi ọmọ wa ṣe ààbò fún orúkọ.

Nínú ẹgbẹ́ wa níbí, mo ti bá àwọn ìyálórìṣà sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá tó ń bọ̀, ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan yóò yan ẹni méjì: ọ̀kan fún omi ojúbọ, ọ̀kan fún àyíká láti ìdí kànga dé ìdí ọgbà, títí kan táyà mọ́tò tí àwọn bàbá kan kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn. Ẹni tó ń tọ́jú àyíká yóò wọ ilé aládùúgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sì ní dárúkọ òrìṣà fún wọn bí wọn kò bá béèrè. Ìyá Ọlọ́ṣun ti ní àwọn yóò so aṣọ mọ́ ẹnu gbogbo ìkòkò kí ọdún tó dé. Kànrìnkànrìn wà nínú àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ń jáde. Mo ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín, mo sì rí i pé bàbá ti nawọ́ sókè látàárọ̀.